Ọwọ́ Géèjì Tó Ń Parọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Géèmù Bàálù Ogun

Sí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù àfarawé bàálù ogun fún kọ̀ǹpútà, àti sí gbogbo àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn tún àwọn géèmù náà ṣe láì gba owó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí gbé wá. Ó dá lórí àwọn géèjì tó tò níwájú awakọ̀ nínú géèmù bàálù ogun, lórí ohun tó ń sọ wọ́n di òpùrọ́ nígbà tí ẹnìkan bá mú bàálù tuntun wọ inú géèmù, àti lórí ohun tó wà ní ìkáwọ́ àwọn tó ni géèmù láti ṣe, kí títún wọn ṣe má baà jẹ́ iṣẹ́ afọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà lè kéré lójú ẹni tó bá rò pé ìbọn yíyìn ni gbogbo ohun tó wà nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kéré rárá, nítorí pé ohun tó ya àfarawé bàálù sọ́tọ̀ kúrò lára eré ọmọdé ni pé kọ̀ǹpútà ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba orí ìyẹ́ kọjá, bí epo ṣe ń dín kù nínú táǹkì àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, ó sì ń retí pé kí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ṣe ohun tí awakọ̀ gidi ì bá ṣe. Irú wọn ni Falcon 4.0 tó jáde ní 1998, IL-2 Sturmovik tó jáde ní 2001, Strike Fighters tó jáde ní 2002, àti DCS World tí wọ́n ṣì ń fi bàálù kún títí di òní. Gbogbo ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lábẹ́lẹ̀ yìí, géèjì ni ẹnu tó fi ń sọ ọ́ fún awakọ̀. Bí ẹnu náà bá wọ́, ìṣirò tó péye kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mod ni orúkọ tí wọ́n ń pe àtúnṣe tàbí àfikún tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣe sí géèmù: ó lè jẹ́ bàálù tuntun, ọ̀dà tuntun lára ìyẹ́, tàbí pápá ogun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ mod, yàrá awakọ̀, ìyẹn ibi tóóró tí awakọ̀ jókòó sí láàárín géèjì àti ọ̀pá ìdarí, ni iṣẹ́ rẹ̀ gùn jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ láìparí. Ọ̀pọ̀ bàálù ni wọ́n ti ya ìta rẹ̀ dáadáa dé orí ìdè tó wà lára irin, ṣùgbọ́n tí wọ́n yá yàrá awakọ̀ bàálù mìíràn fún un, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò bá géèjì àjèjì pàdé. Ibi yíyá yìí gan-an ni irọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Láti mọ bí irọ́ náà ṣe ń wọlé, ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí géèjì jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ojú géèjì jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, kò sì mọ ohunkóhun. Ọwọ́ géèjì, tó dà bí ọwọ́ aago, jẹ́ ègé kan tó dá dúró, tó sì ní ojú ibi tí ó ti ń yí. Ohun kẹta ni ojú kì í rí, òun ni lẹ́tà yìí ń pè ní àtẹ ìwọ̀n: nọ́ńbà méjì-méjì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí iye báyìí bá wọlé, kí ó yí ọwọ́ géèjì dé díígírì báyìí. Iye tó bá bọ́ sí àárín nọ́ńbà méjì, kọ̀ǹpútà yóò pín in ní ìwọ̀n-ìwọ̀n láàárín àwọn méjèèjì. Nínú Strike Fighters, inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, irú èyí tí Notepad lè ṣí, ni wọ́n kọ gbogbo èyí sí: orúkọ ègé tó ń yí wà ní ìlà NodeName, bí ó ṣe ń yí wà ní MovementType, ìdiwọ̀n tí wọ́n fi ka iye wà ní ValueUnit, àtẹ ìwọ̀n sì tẹ̀ lé e ní Position àti Value. Nínú DCS World, fáìlì èdè Lua kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mainpanel_init, nínú èyí tí géèjì kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà input fún iye tó ń wọlé àti ìlà output fún ibi tí ọwọ́ géèjì yóò dúró sí. Ọmọ ilé-ìwé girama tó bá mọ ìṣirò díẹ̀ lè kà á, ó sì lè rí ibi tó ti wọ́.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú IL-2 ti 2001, kóòdù Java ni wọ́n fi kọ yàrá awakọ̀ bàálù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dì wọ́n sínú àpò fáìlì tí wọ́n ń pè ní SFS, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú àpò náà, kí ó sì sọ kóòdù ẹ̀rọ padà di ohun tí ènìyàn lè kà, kí ó tó fojú kan àtẹ ìwọ̀n. Nínú Combat Flight Simulator tí Microsoft gbé jáde ní 1998, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán kan, panel.cfg, ń sọ ibi tí géèjì kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ṣùgbọ́n inú fáìlì ẹ̀rọ tí ènìyàn kò lè kà ni géèjì fúnra rẹ̀ wà. Atúnṣe, ìyẹn ẹni tó ń ṣe mod, lè gbé géèjì láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì, síbẹ̀ kò lè wo inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín fáìlì tó ṣeé kà àti èyí tí kò ṣeé kà ni ẹ̀bẹ̀ lẹ́tà yìí dúró lé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìdiwọ̀n. Ẹni tó bá mọ ọjà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè má bá ti ọjà kejì dọ́gba, àti pé ẹni tó gbọ́ kóńgò mẹ́ta láì mọ ọjà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kò tíì mọ bí gàrí inú àpò ṣe pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà ojú géèjì rí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Máìlì ní wákàtí kan ni Spitfire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ìyára ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà. Kìlómítà ní wákàtí kan ni Bf 109 ilẹ̀ Jámánì àti àwọn bàálù Soviet fi ń kà á. Nọ́ọ̀tì, ìyẹn máìlì orí òkun ní wákàtí kan, tó jẹ́ kìlómítà 1.852, ni Zero ilẹ̀ Japan fi ń kà á. Bí ọwọ́ géèjì bá dúró lórí 300 nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Jámánì jẹ́ kìlómítà 300, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 483, ti Japan sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 556. Ní ìgbà púpọ̀, ìdiwọ̀n ti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń ṣírò. Atúnṣe tó bá yá ojú géèjì Jámánì, tó sì gbàgbé láti yí àtẹ ìwọ̀n padà, ti fi kóńgò ọjà kan wọn gàrí ọjà mìíràn.

Géèjì agbára ẹ́ńjìnnì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í ṣe ìdiwọ̀n nìkan ló yàtọ̀ níbẹ̀, ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ náà yàtọ̀. Ohun tí géèjì yìí ń wọ̀n ni ìfúnpá, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú fi ń tẹ nǹkan. Àwọn Amẹ́ríkà ka gbogbo ìfúnpá náà pátá, wọ́n sì fi gíga mákúrì wọ̀n ọ́n ní íǹṣì, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán etí òkun jẹ́ nǹkan bíi 29.92. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe afẹ́fẹ́ lásán etí òkun yẹn ní òdo, wọ́n sì ń ka ohun tó bá lé lórí rẹ̀ tàbí tó bá dín sí i ní pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àwọn Jámánì ń lo ìdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ata, tí 1 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì mákúrì 29. Nítorí náà, +6 ti Gẹ̀ẹ́sì, 42 ti Amẹ́ríkà àti 1.45 ti Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá kàn sọ nọ́ńbà di púpọ̀ láì kọ́kọ́ yọ òdo Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbi tó wà kò ní rí òtítọ́ láéláé. Irú àṣìṣe yìí máa ń fara sin, nítorí pé ọwọ́ géèjì ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì jọ pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, títí awakọ̀ yóò fi ti ẹ́ńjìnnì kọjá agbára rẹ̀ tí yóò sì jó.

Àṣìṣe kejì tó tọ́ kí wọ́n dúró lé lórí ni ti àtẹ ìwọ̀n tó tọ́ gbọnrangandan nígbà tí ojú géèjì kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Géèjì ìyára kì í wọn ìyára fúnra rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan tó ṣí lẹ́nu, tó kọjú sí iwájú, tí wọ́n fi orúkọ Henri Pitot ará Faransé pè nítorí pé òun ló kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ ní 1732 láti wọn bí omi odò ṣe ń sáré, ni ó ń gba afẹ́fẹ́ tó ń kọlu bàálù. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ yìí kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyára: bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìfúnpá yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ojú ọ̀pọ̀ géèjì ìyára àtijọ́ kì í fi jìnnà síra wọn dọ́gba-dọ́gba. Ibì kan yóò há, ibì kan yóò gbòòrò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere, ó ṣeé ṣe láti gbé ojú géèjì kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, tí 0 wà ní díígírì 0, tí 100 wà ní díígírì 40, tí 200 wà ní 120, tí 300 wà ní 180, tí 400 sì wà ní 230. Atúnṣe tó ń kánjú yóò kọ ìlà méjì péré sínú àtẹ: 0 sí 0, 400 sí 230. Nígbà tí bàálù bá ń sá 400, géèjì yóò sọ òtítọ́, atúnṣe yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù bá ń sá 100, kọ̀ǹpútà yóò yí ọwọ́ géèjì dé díígírì 57.5, ojú awakọ̀ yóò sì ka nǹkan bíi 122. Ìyára kékeré ni wọ́n fi ń balẹ̀. Awakọ̀ tó rò pé òun ṣì ní 122 yóò tún dín agbára kù, ìyẹ́ kò sì ní lè gbé bàálù mọ́, bàálù yóò já lulẹ̀ kó tó dé pápá. Ẹni tó ń ta géèmù náà lè gbọ́ pé bàálù yẹn kò fò dáadáa, ó sì lè lọ tún ìṣirò ìyẹ́ ṣe nígbà tí ìyẹ́ kò ṣẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó sọnù nínú àtẹ ìwọ̀n ló jẹ̀bi.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ èyí, tó sì tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nítorí pé òye rẹ̀ kò hàn lójú ẹsẹ̀. Bí bàálù bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ kò sì lè kọlu ọ̀pá Pitot pẹ̀lú agbára kan náà. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 22,000, afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun lọ, ìyára gidi bàálù sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.41 ti ohun tí géèjì ń sọ. Ní ẹsẹ̀ bàtà 40,000, afẹ́fẹ́ ti di nǹkan bí ìdá mẹ́rin, ìyára gidi sì ti di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Awakọ̀ kò ka èyí sí àbùkù, nítorí pé agbára afẹ́fẹ́ tí ọ̀pá náà ń gbọ́ ni ìyẹ́ náà ń gbọ́, ìyára tí géèjì ń sọ ló sì ń kì í nílọ̀ bí bàálù bá fẹ́ já. Atúnṣe tó bá so ọwọ́ géèjì mọ́ ìyára gidi nítorí pé ó rò pé òun ló péye ti ba ohun tí wọ́n ṣe géèjì náà fún jẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè dáàbò bo atúnṣe kúrò nínú àṣìṣe yìí ni kí ilé-iṣẹ́ sọ, nínú ìwé tó tẹ̀ lé géèmù, èwo nínú orúkọ tí wọ́n fún iye inú kọ̀ǹpútà ló dúró fún ìyára géèjì, èwo ló dúró fún ìyára gidi.

Ti géèjì gíga kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ni ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ní: èyí tó gùn ń yí po lẹ́ẹ̀kan fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000, èkejì fún 10,000, ẹ̀kẹta fún 100,000. Ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000, ọwọ́ tó gùn ti gbọ́dọ̀ yí dé díígírì 10,800, ìyẹn ìyípo 30, nítorí náà àtẹ ìwọ̀n tó bá dúró ní 360 yóò dá ọwọ́ náà dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ogun yóò fi parí. Ti géèjì tó ń fi ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé han awakọ̀ nínú ìkùukùu gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú bàálù ìhà ìwọ̀-oòrùn ayé, ìlà ilẹ̀ ló ń dà nígbà tí àmì bàálù dúró gbọnin. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù Soviet, àmì bàálù gan-an ló ń dà sí ọ̀tún àti sí òsì. MiG-21, tí ilé-iṣẹ́ ológun òfuurufú Nàìjíríà náà lò láti ẹ̀wádún 1970, wá láti inú àṣà Soviet yìí. Ẹni tó bá gbé géèjì Amẹ́ríkà sínú irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò kàn yí àwòrán padà. Ó ti yí ọ̀nà tí awakọ̀ fi ń ronú padà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ló ń fa irú ìtara báyìí lórí ohun tó jẹ́ géèmù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn bàálù fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1929, ní Mitchel Field ní ìpínlẹ̀ New York, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Jimmy Doolittle gbéra, ó yí bàálù ká, ó sì balẹ̀ lábẹ́ ìbòrí tí kò jẹ́ kí ó rí ìta rárá. Géèjì gíga tí Paul Kollsman ṣe àti géèjì jáírò ti ilé-iṣẹ́ Sperry ni ó fi ṣe ojú. Láti ìgbà náà ni géèjì ti di ojú awakọ̀ ní ti gidi. Ní àwọn ọdún 1930, RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to géèjì mẹ́fà tó ṣe pàtàkì jù sí ìlànà kan náà nínú bàálù wọn, kí awakọ̀ tó bá kúrò nínú bàálù kan bọ́ sí òmíràn lè mọ ibi tí yóò wò láì ronú. Ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones gbé ìwádìí jáde lórí àṣìṣe 270 tí àwọn awakọ̀ ṣe nínú kíkà géèjì, wọ́n sì fi hàn pé ohun tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe awakọ̀ máa ń jẹ́ àṣìṣe bí wọ́n ṣe ya ojú géèjì. Ọwọ́ mẹ́ta géèjì gíga wà lára ohun tó ń da àwọn awakọ̀ rú. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 1958, bàálù Viscount kan wó lulẹ̀ ní Scotland nítorí pé awakọ̀ ṣi ọwọ́ mẹ́ta yẹn kà pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 10,000 gbáko. Ẹni tó bá wo géèjì yìí nínú géèmù tí wọ́n ṣe dáadáa yóò fi ojú ara rẹ̀ rí bí àṣìṣe náà ṣe ṣeé ṣe, kò sì sí ìwé tó lè kọ́ ọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ náà kàn Yorùbá pẹ̀lú. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́fíísà nínú RAF ní 1942 gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, Akin Shenbanjo sì fò nínú bàálù Halifax ti ẹgbẹ́ 76 Squadron. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orúkọ wọn lónìí ní Ìbàdàn tàbí ní London kò lè wọ Halifax tó ń fò, nítorí pé kò sí ọ̀kan tó kù lójú ọ̀run. Ohun tó kù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kọ̀ǹpútà, bí ó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà ni yóò fi ohun tó wà níwájú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lóru hàn wọ́n, ó yẹ kí ó fi òtítọ́ hàn.

Àwọn tó ń tún géèjì ṣe mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ó sì tọ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ ohun tí lẹ́tà yìí ń bẹ̀ wọ́n fún. Atúnṣe gidi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń wá ìwé ìlò bàálù náà, irú èyí tí RAF tẹ̀ fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pilot's Notes, láti mọ ìyára tí wọ́n fi ń gbéra, ìyára tí bàálù fi ń já, àti iye tí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kọjá. Ó máa ń wá fọ́tò ojú géèjì tí wọ́n yà láti iwájú gan-an, nítorí pé fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ ń na ojú kan, ó sì ń fún ojú kejì pọ̀. Yóò fi ìwọ̀n díígírì wọn ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ sójú géèjì wà, kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nìkan, yóò sì fi ìlà kún àtẹ níbi tí nọ́ńbà bá ti há tàbí ti gbòòrò. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé bàálù sókè díẹ̀ lórí òkun nínú géèmù, níbi tí ìyára géèjì àti ìyára gidi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yóò sì fi ohun tí ọwọ́ géèjì ń sọ wé nọ́ńbà tí géèmù ń kọ sójú ẹ̀rọ. Yóò tún gòkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 22,000 láti wò ó bóyá àwọn méjèèjì ti pínyà bí ó ti yẹ. Bí ọwọ́ géèjì bá ń yí sódì, ó lè jẹ́ pé igun tí wọ́n so ó mọ́ ló yí padà. Bí ó bá ń rìn kúrò lójú ibi tí ó jókòó sí dípò kí ó yí po, ìdí ọwọ́ náà ni kò sí ní àárín. Iṣẹ́ yìí lè gba alẹ́ púpọ̀ fún géèjì kan ṣoṣo, kò sì sí owó níbẹ̀.

Níbi tí fáìlì bá ti ṣeé kà, gbogbo làálàá yìí ń so èso. Níbi tí kò bá ti ṣeé kà, atúnṣe lè ní ìwé, kí ó ní fọ́tò, kí ó ní ìwọ̀n díígírì gbogbo, síbẹ̀ kí ó má rí ibi tí yóò kọ wọ́n sí. Ìyà tí kò yẹ ni èyí, ilé-iṣẹ́ náà kò sì jèrè ohunkóhun níbẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ṣí fáìlì sílẹ̀, àwọn oníjìbìtì yóò fi rẹ́ àwọn yòókù jẹ nínú ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bára wọn jà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn, ṣùgbọ́n ó ti gba ibi tí kò yẹ. Àtẹ ìwọ̀n kì í fún ẹnikẹ́ni ní agbára kún agbára. Kò lè mú bàálù yára sí i, kò lè mú ìbọn lágbára sí i, ohun tí ojú ń rí nìkan ló ń yí padà. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbàlejò ogun náà sì ti ní ọ̀nà láti yẹ fáìlì wò, kí wọ́n sì lé ẹni tí fáìlì rẹ̀ yàtọ̀ padà. Òdìkejì ẹ̀rù yìí ni ìtàn Falcon 4.0. Kóòdù rẹ̀ bọ́ síta ní 2000 láìbá òfin mu, èyí tí kò tọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó nífẹ̀ẹ́ géèmù náà mú un dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé ẹ̀dà BMS tó ṣì ń béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ lò ó ní Falcon 4.0 tirẹ̀. Géèmù tí ì bá ti kú ṣì ń tà.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kọ àtẹ ìwọ̀n géèjì sínú fáìlì tó ṣeé kà, kí ó sì yàtọ̀ sí kóòdù tó kù, kí wọ́n máa kọ ìdiwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ní ti géèmù tí wọn kò tà mọ́, tí wọn kò sì ní tún ṣe mọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ tú àwọn fáìlì yàrá awakọ̀ sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá pa gbogbo èyí tó kù mọ́. Kí àwọn ilé ìpamọ́ nǹkan ìtàn tó ní bàálù ogun lọ́wọ́ ya fọ́tò ojú géèjì kọ̀ọ̀kan láti iwájú, ní ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba, kí wọ́n sì kọ irú bàálù tí géèjì náà ti wá sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún àwọn atúnṣe náà. Géèjì tí ọwọ́ rẹ̀ kò yí rárá ń jẹ́wọ́ pé òun kò mọ nǹkan kan; géèjì tó ń sọ irọ́ ni ó léwu, nítorí pé ẹni tó ń wò ó gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì dá lójú pé àtẹ ìwọ̀n rẹ̀ péye, kí ó dá ọwọ́ géèjì náà dúró, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ lé mod rẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Ẹni tó bá yá yàrá awakọ̀ bàálù mìíràn, kí ó sọ ti bàálù wo ni. Ẹni tó bá wọn ojú géèjì fúnra rẹ̀, kí ó fi díígírì àti nọ́ńbà tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú orísun fọ́tò rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Ìwé tí lẹ́tà yìí ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní ju ojú ewé mélòó kan lọ: orúkọ géèjì, ìdiwọ̀n rẹ̀, àtẹ rẹ̀, àti bóyá ìyára gidi tàbí ìyára géèjì ló ń kà. Àwọn tó kọ kóòdù náà ti ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lára bàálù tí wọ́n máa gbé jáde tẹ̀ lé èyí.